Ọ̀sẹ̀ Kan ní Salvador Pẹ̀lú Ìyá Alákàrà

Láti ọdún tó kọjá ni èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń dá èsúsú, tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní tontine, nítorí ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan péré. Ìlú Salvador ni à ń lọ, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ìlú etí òkun tó wà ní òdìkejì omi tí à ń wò láti Kútọnu. Ìyá wa ni a fẹ́ mú lọ. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi din àkàrà ní Kétu, níbi tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, owó àkàrà yẹn ló sì fi rán gbogbo wa lọ sí ilé ìwé. Ó ti di ẹni ọdún 74 báyìí. Orúnkún ń dùn ún, ojú rẹ̀ ọ̀tún kò sì ríran dáadáa mọ́. Bí a kò bá lọ lọ́dún yìí, n kò rò pé a ó lọ mọ́.

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn obìnrin kan wà ní Salvador tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń wé gèlè, tí wọ́n ń jókòó sí ẹ̀bá títì pẹ̀lú agbada epo pupa, tí wọ́n sì ń din àkàrà títí alẹ́ fi ń lẹ́. Mo ní ìjọba orílẹ̀-èdè wọn ti kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 2005. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Ta ló kọ́ wọn?"

Mo ní àwọn ará ìhín tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ni.

"Ará ìhín wo? Ọmọ ilé ta ni?"

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti yé béèrè ìgbà tí a ó lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́ gbọ́ nípa èsúsú wa, wọ́n sì bẹ̀ mí pé kí n kọ bí a ṣe ń ṣètò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ètò tiwa nìkan ni mo lè sọ, pẹ̀lú ìdí tí a fi yàn án bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ tó le ju ti ìyá mi lọ lè fi kún un.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi. Mo ti dé Salvador rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́fà. N kò ṣètò ohunkóhun. Oṣù kẹta ni mo lọ, láàárín ààwẹ̀ Karẹ́ẹ̀mù, n kò sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà Bahia ló máa ń ti ìlẹ̀kùn wọn ní àkókò ààwẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́ wọn. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ̀kan, mo bá ìdákẹ́rọ́rọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ráyè lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọjọ́ Ajé ni, ìlẹ̀kùn wọn sì wà ní títì. Búrẹ́dì àti ẹyin ilé ìtura ni mo ń jẹ ní àárọ̀, mo sì tún ń jẹ irẹsì wọn ní alẹ́. Ní ọjọ́ tí mo ń padà bọ̀ ni mo tó ra àkàrà kan, mo jẹ ẹ́ nínú tasí bí mo ti ń sáré lọ sí pápákọ̀ òfurufú, epo sì ta sí àyà ẹ̀wù funfun mi. Ìyá mi ló fọ ẹ̀wù náà. Ó gbóòórùn epo lára rẹ̀ ó ní, "Epo rere ni." Ohun kan ṣoṣo tí mo mú ti Salvador bọ̀ wá fún un nìyẹn.

Nítorí náà, kí á tó wá ilé tí a ó wọ̀ sí, àkókò ni a kọ́kọ́ wá. Salvador kì í ṣe ìlú kan náà láti oṣù dé oṣù. Ní oṣù kìíní, àwọn obìnrin aláṣọ funfun máa ń ko omi olóòórùn dídùn, wọ́n á sì rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ láti ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia tó wà létí omi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim tó wà lórí òkè, láti fọ àtẹ̀gùn rẹ̀. Ará Àjàṣẹ́ kò ní í ṣàjèjì sí orúkọ yẹn, nítorí àwọn ọmọ Àgùdà ibẹ̀ ń ṣe ọdún Bonfim ní oṣù kìíní kan náà, tí Burinyan á sì jáde. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, ọdún Yemọja ni, ní àdúgbò Rio Vermelho, tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òdòdó àti lọ́fínńdà lọ sí àárín òkun. Ọdún méjèèjì ló gbayì. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa mú, èrò a máa pọ̀ bí eéṣú, owó ilé ìtura a sì gòkè. Kìlómítà mẹ́jọ ńkọ́? Ìyá mi kì í rin kìlómítà kan mọ́ kó tó béèrè àga.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà fẹ́ ọdún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ní Casa Branca, ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà tó pẹ́ jù lọ ní Salvador, ọjọ́ Corpus Christi ni wọ́n máa ń ṣe é, láàárín ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà. Ní Bahia, Ọba Kétu ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń pe ìran ẹ̀sìn wọn fúnra rẹ̀ ní Kétu. Ọmọ Kétu wo ni kò ní fẹ́ gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ ìlú rẹ̀ pẹ̀lú ìlù ní ilẹ̀ tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Èmi náà fẹ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje ni òjò Salvador ń rọ̀ jù, òkúta ni wọ́n sì fi tẹ́ òpópónà ìlú àtijọ́. Òkúta tútù àti orúnkún arúgbó kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe àríyànjiyàn yìí.

Ìyá wa ló parí rẹ̀. Mo ń ka àwọn ọdún náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì dé oṣù kẹsàn-án. Mo ní ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn, wọ́n ń ṣe ọdún àwọn ẹni mímọ́ Cosme àti Damião, ìbejì inú ẹ̀sìn Kátólíìkì, tí àwọn ará Bahia ti so pọ̀ mọ́ Ìbejì tiwa, àti pé jákèjádò oṣù náà ni ilé kan kò ní sinmi kí òmíràn má sè é, ilá pẹ̀lú epo àti edé, fún àwọn ọmọdé. Kẹ́hìndé ni mí. Táyé kò pé ọdún mẹ́ta tó fi padà lẹ́yìn. Ìyá wa kì í pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan láti ìgbà náà tí kò se ẹ̀wà ìbejì, kó pe àwọn ọmọ àdúgbò wá jẹ ẹ́. Ó ní, "Oṣù yẹn ni." Ẹ̀gbọ́n mi kò tún sọ̀rọ̀ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì mọ́.

Ní 2026, ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án bọ́ sí. Ọjọ́rú, ọjọ́ 23, ni a ó dé, a ó sì padà ní Ọjọ́rú kejì.

Ọ̀rọ̀ ìwé àti ọkọ̀ kò gùn. Ẹ lọ béèrè nípa físà ní ilé aṣojú orílẹ̀-èdè Bràsíìlì tó wà ní Kútọnu, kí ẹ lọ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Kí ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni Lisbon tàbí Paris, nítorí náà ẹ bi àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì léèrè bóyá ìwé mìíràn wà tí ẹ ó nílò láti gba ibẹ̀ kọjá. Agogo Salvador fi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tiwa. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, real sì ni orúkọ owó wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé arúgbó lọ, ẹ sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ṣáájú pé ẹ nílò kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn. Ìyá wa bínú sí kẹ̀kẹ́ yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ti gbà.

Ẹ jẹ́ kí á dé ìdí oúnjẹ, nítorí òun gan-an ni ìrìn-àjò yìí.

Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà ní Bahia. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àkàrà àti jẹ ló so pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà, bí igbe ẹni tó ń kiri ọjà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò yàtọ̀ sí ti ìyá mi ní ìbẹ̀rẹ̀: wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọ́n á sì fi ṣíbí igi lù ú títí yóò fi fúyẹ́. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, tí wọ́n ń pè ní dendê. Àkàrà náà tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Ìgbà tó bá jáde nínú epo ni ọ̀nà wọn àti tiwa pín: wọ́n á fi ọ̀bẹ là á, wọ́n á fi vatapá kún inú rẹ̀, èyí tó jẹ́ ọbẹ̀ tó ki, tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, kajú, ata ilẹ̀ àti omi àgbọn sè, wọ́n á fi ilá sí i, tòmátò tútù, edé gbígbẹ, àti ata. Tí obìnrin náà bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ ní quente, tó túmọ̀ sí gbígbóná, kì í ṣe iná ló ń bèèrè, ata ni.

Èrò tèmi ni pé ohun tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń bo adùn ẹ̀wà mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ ti àkọ́kọ́ lásán, láìsí nǹkankan nínú rẹ̀, kí ẹ̀yin àti alákàrà lè mọ ara yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ èkejì bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ohun tí a ṣètò fún ìyá wa nìyí: ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ní Rio Vermelho, ní ìdí alákàrà kan ṣoṣo, láti ìgbà tó bá gbé agbada kaná títí àkàrà fi máa tán. Àga ni a ó bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn ìwé arìnrìn-àjò á ní kí ẹ jẹ ti mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín wákàtí kan kí ẹ lè fi wọ́n wé ara wọn. A ò bá eré-ìje lọ.

Ìbéèrè ìyá mi, pé ta ló kọ́ wọn, ní ìdáhùn kan tí mo ti rí kà láti ìgbà náà. Ní ayé ẹrú, àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ló ń kiri oúnjẹ ní ìgboro Salvador. Olówó wọn á bu iye kan lé wọn pé kí wọ́n mú un wá, ohun tó bá lé ni tiwọn. Owó tó lé yẹn ni àwọn kan fi ra ara wọn padà, tí wọ́n sì fi ra ọmọ wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú Salvador sì máa ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ti ń kówó jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kó o láti fi gba òmìnira rẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí fún ìyá mi, ó ní, "Èsúsú ni." Bẹ́ẹ̀ ni, èsúsú ni. Àwọn onímọ̀ ìtàn pẹ̀lú ti ṣàkíyèsí ìjọra náà. Ẹgbẹ́ àwọn alákàrà wà níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé 2014 ń bọ̀, tí wọ́n fẹ́ lé wọn kúrò nítòsí pápá ìṣeré Fonte Nova, wọ́n tú jáde, wọ́n sì gba àyè wọn padà. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ni ọjọ́ ọlá wọn lọ́dọọdún.

Àwọn oúnjẹ mìíràn wà tí ẹ ó dá orúkọ wọn mọ̀ kí ẹ tó fi sẹ́nu. Abará jẹ́ ẹ̀wà lílọ̀ kan náà, tí wọ́n pọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì sè. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa ni, pẹ̀lú epo àti edé. Acaçá ni ẹ̀kọ inú ewé, àwọn ará Àjàṣẹ́ tó ń gbọ́ Gùn kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ohun tí àkàsà jẹ́. Efó jẹ́ ẹ̀fọ́. Iṣu ni wọ́n fi ń se ipetê. Moqueca kò ní orúkọ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀: ẹja ni, tí wọ́n fi epo pupa àti omi àgbọn sè nínú ìkòkò amọ̀, tí wọ́n á gbé e wá síwájú yín bó ti ń hó. Ọjọ́ Ẹtì ló dára jù láti jẹ àwọn oúnjẹ elépo wọ̀nyí, nítorí ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ilé àti ilé oúnjẹ ní Salvador máa ń sè wọ́n. Ọjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ funfun nítorí Òrìṣàńlá. A ó wọ funfun tiwa, a ó lọ sí Bonfim ní àárọ̀, tasí ni yóò gbé wa dé ẹnu àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà a ó lọ sí ọjà São Joaquim.

N kò tíì wọ ọjà yẹn rí, ó sì ń dùn mí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ Salvador kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kó tó lọ sí Mercado Modelo tó wà létí omi, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń ra ẹ̀bùn. Ní São Joaquim ni àwọn alákàrà àti àwọn olórìṣà ti ń rajà: epo nínú ìgò, edé lórí ẹní, ewé, ìkòkò amọ̀, obì, orógbó, àti ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní ọṣẹ etíkun, etíkun tiwa ni wọ́n ń sọ. Ìyá mi ti ní òun yóò dúnàádúrà. Mo bi í léèrè èdè tí yóò fi dúnàá. Ó ní èdè ọjà.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ lórí òkè àti ní ìsàlẹ̀ ni ó wà. Salvador ni olú-ìlú Bràsíìlì láti 1549 títí di 1763, ènìyàn bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ló sì ń gbé inú rẹ̀ lónìí. Láti 1873 ni ẹ̀rọ agbénigòkè kan, Elevador Lacerda, ti ń gbé ènìyàn láti etí omi lọ sí ìlú òkè, ó ga ní mítà 72. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, orúnkún yóò sì sinmi. Lókè níbẹ̀ ni Pelourinho wà, àdúgbò ilé aláràbarà tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1985. Àwòrán rẹ̀ ni ẹ máa ń rí níbi gbogbo. Kí ẹ mọ̀ pé òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Ẹ fi fóònù yín sí àpò, ẹ má sì rìn níbẹ̀ lóru.

Ní Pelourinho, ibi méjì ni a yàn. Àkọ́kọ́ ni Casa do Benin, Ilé Benin, tí wọ́n ṣí ní 1988. Lina Bo Bardi ló tún ilé náà yà, àwọn ohun tí Pierre Verger kó láti orílẹ̀-èdè wa ló sì kún inú rẹ̀. Verger yìí, ará Faransé tó dé Salvador ní 1946 tó sì kú síbẹ̀ ní 1996, Kétu ló ti tẹ Ifá ní àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Fátúmbí. Ìyá mi sọ pé àwọn àgbà kan máa ń dárúkọ òyìnbó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ibi kejì ni ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos, tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní ọ̀rúndún 18. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlù ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn níbẹ̀, ìsìn náà ni yóò sì jẹ́ ìkẹyìn fún wa kí a tó di ẹrù. Ẹ lè ti gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco tí wọ́n fi wúrà bò nínú. Apá kan àjà rẹ̀ wó ní oṣù kejì 2025, ó sì pa ènìyàn kan, nítorí náà a kò fi sí ètò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń rò jù. Ilé òrìṣà kan wà ní agbègbè Brotas tó ń jẹ́ Alaketu. Ìtàn ilé náà sọ pé ọmọ ọba Kétu ló dá a sílẹ̀, láti ìdílé Àró, Otampê Ojarô lorúkọ rẹ̀, pé ọmọdé ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì mú òun àti ìkejì rẹ̀ nítòsí ìlú, pẹ́ kí Dàhọ̀mì tó wá fọ́ Kétu ní 1886. Ìbejì ni wọ́n. Ìran rẹ̀ ló ń jẹ oyè ìyálórìṣà ilé náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Olga do Alaketu, tó kú ní 2005, ni aráyé mọ̀ jù nínú wọn. Ní Kétu, ẹni tó bá sọ pé ilé Àró ni òun ti wá ti sọ ohun tó ṣe pàtàkì. Ìyá mi ti béèrè lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ ilé ta ni. Ó kéré tán, ilé kan nìyí.

A ti kọ lẹ́tà síwájú, ní èdè Potogí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, láti tọrọ àyè pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá wa wá kí wọn. Bí wọ́n bá ní kò rọrùn, a ó dúró sí ìta, a ó kí ilé náà, a ó sì padà. Mo sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ wa nítorí mo ti gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ̀rọ̀: pé tiwa ni, pé a fẹ́ lọ wo ohun wa. Àwọn tó wà níbẹ̀ fi ara wọn pa á mọ́ nígbà tí ọlọ́pàá ń wọlé tọ̀ wọ́n, tí wọ́n ń kó ìlù wọn lọ. Àlejò ni wá. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ tàbí funfun, ẹ má wọ dúdú, ẹ má ya àwòrán, ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá fi yín sí, tọkùnrin tobìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu wọn tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má tún un ṣe fún wọn.

A fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀. Erékùṣù Itaparica wà ní òdìkejì omi, níbi tí wọ́n ti ń bọ Egúngún títí dòní, ọkàn mi sì fà sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni, yóò sì gba odindi ọjọ́ kan. Ọjọ́ Ajé la fi sílẹ̀ lófìfo pátápátá, kí ìyá wa lè jókòó sí etí òkun Porto da Barra, níbi tí omi ti máa ń rọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MAFRO bá ṣí, a ó wo pákó 27 tí Carybé gbẹ́ àwòrán àwọn òrìṣà sí. Bí kò bá ṣí, a ó sùn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó, kó má jókòó sílé. Ìdajì ìrìn-àjò yìí wà ní Àjàṣẹ́. Ẹ lọ ní oṣù kìíní nígbà tí àwọn Àgùdà bá ń ṣe ọdún, ẹ jẹ feijoada wọn, ẹ wo mọ́sáláṣí ńlá tó rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ẹ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva. Mùsùlùmí Nàgó wà nínú àwọn tí ìjọba Bahia lé padà sí etíkun wa lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ oṣù kìíní 1835. Bí a bá béèrè dáadáa ní Àjàṣẹ́, a ó rí ẹni tó lè sọ ilé tí ìdílé rẹ̀ ti wá ní Salvador. Ní oṣù kìíní tó ń bọ̀ ni a ó kọ́kọ́ gbé ìyá wa lọ síbẹ̀, kí á lè mọ iye wákàtí tí orúnkún rẹ̀ lè fara dà.

Ó ti ń di ẹrù báyìí o, oṣù mélòó kan ṣáájú. Ó fẹ́ gbé ẹ̀wà lọ. Mo ní àwọn aṣọ́bodè kì í jẹ́ kí ènìyàn kó irúgbìn wọ Bràsíìlì bó ṣe wù ú. Ó yọ ẹ̀wà kúrò, ó fi ọmọrogùn tó ti ń fi lu àkàrà láti ìgbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi sí i. N kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, n kò sì bi í.

Ti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, ni mo fi parí àlàyé mi fún un ní alẹ́ àná. Ọmọdé méje ni wọ́n máa ń kó jókòó sílẹ̀ yí àwo ńlá kan ká, wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ilá náà pẹ̀lú adìyẹ, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín àti gúgúrú kí àgbàlagbà kankan tó fọwọ́ kàn án. Obìnrin kan tí mo bá pàdé ní ìpàdé yẹn lọ́jọ́sí ti ṣèlérí pé ilé ìyá rẹ̀ ni a ó ti jẹun. Mo wá fi kún un pé wọ́n máa ń fi odindi ilá sílẹ̀ láìgé nínú ìkòkò, ẹni tó bá sì bá a nínú àwo rẹ̀, òun ni yóò se ilá fún gbogbo ènìyàn ní ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Tó bá bọ́ sínú àwo tèmi, ṣé Salvador ni mo ti máa sè é, àbí Kétu?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní kí n sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má tíì tú èsúsú náà ká.